Ìtọ́jú Àwọn Tí Ogun Pa Ọpọlọ Wọn Lára ní Kisegach

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ ilẹ̀ Soviet ní 1941, àwọn aláṣẹ Soviet ní kí Alexander Luria, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìhùwàsí ẹ̀dá, dá ilé-ìwòsàn sílẹ̀ fún àwọn tó ní ìpalára ọpọlọ, èyíinì ni ìbàjẹ́ tó ń bá ọpọlọ nígbà tí nǹkan bá gbá orí tàbí tó bá gún agbárí wọlé. Kisegach, lẹ́bàá àwọn òkè Ural, tó jìnnà réré sí ojú ogun, ni ó fi ṣe ibùdó, ilé ìlera tó wà níbẹ̀ sì di ilé-ìwòsàn oníbùsùn 400.

Luria kò gbà pé ojú kan ṣoṣo nínú ọpọlọ ni agbára láti kọ̀wé wà. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ọpọlọ ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é: ọ̀kan ń dá ìró mọ̀ yàtọ̀, òmíràn ń rántí bí lẹ́tà ṣe rí, òmíràn sì ń darí ọwọ́ láti orí lẹ́tà kan bọ́ sórí èkejì. Nítorí náà, ènìyàn méjì lè má lè kọ̀wé mọ́, kí ohun tó bàjẹ́ lára wọn má sì jọra rárá, èyí tó fi jẹ́ pé ìtọ́jú tó ran ọ̀kan lọ́wọ́ lè má wúlò fún ìkejì. Ẹni tí etí rẹ̀ kò dá ìró mọ̀ mọ́ lè kọ́ láti máa wo ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Kurt Goldstein, ti tọ ọ̀nà tó fara pẹ́ èyí ní Frankfurt nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ọmọ ogun kan tí ọta bà lápá òsì ẹ̀yìn orí ní oṣù Kẹta 1943 ni ẹ̀rí tó lágbára fún èrò Luria yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni kí ogun tó dé, ṣùgbọ́n kò mọ lẹ́tà mọ́, kò sì rí ohun tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan, àfi kí ó máa ka álífábẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi kan lẹ́tà tó ń wá, títí di ọjọ́ tí oníṣègùn kan ní kí ó má ronú lẹ́tà mọ́, kí ó kàn kọ odidi ọ̀rọ̀ láì gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé. Ó gbìyànjú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe, nítorí pé àṣà ìkọ̀wé tó ti mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára kò bá ìyókù lọ. Síbẹ̀, agbára káká ni ó fi ń ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Báyìí ni ó ṣe kọ nǹkan bí 3,000 ojú ìwé láàárín ọdún 25, tí Luria sì gbé ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 1971.