Baby Boy, Tọ́kúnbọ̀ àti Àpò Afẹ́fẹ́ Tó Ń Bú Gbàmù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fetí gbọ́ apá yìí, ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ bọ́.

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìyìn ní Básírì, l'Adó-Èkìtì, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, kẹ́ ẹ máa wo àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń ti Ìyìn àti Ìgèdè bọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀ lára wọn ni mo mọ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún wọn. Orúkọ tí àwa fún wọn ni mo mọ̀: Pencil, Big Daddy, Muscle, Baby Boy, End of Discussion. Ẹni kankan ní Japan ò sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwa la sọ wọ́n lórúkọ, bí ìgbà tá a ń sọ ọmọ. Orúkọ tó sì kó gbogbo wọn pọ̀, orúkọ ọmọ náà ni: Tọ́kúnbọ̀, ẹni tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n wá gbé wálé.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí látilẹ̀. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Lọ́dún yẹn kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni, àwọn tíṣà àti akọ̀wé sì ń ra ọkọ̀ tuntun. Fọ́kì kékeré yẹn, tá a ń pè ní Ìjàpá, ni ọkọ̀ ẹbí nígbà náà. Ẹ bi àwọn àgbà Ìyìn, wọ́n á dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wọ àdúgbò wọn. Ìgbà tó di 1986, ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé, náírà wó lulẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ti olówó. Ibẹ̀ ni Tọ́kúnbọ̀ ti rí àyè. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà ń gba Kútọnu wọlé sí wa, títí ìjọba fi fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ ní January 2017.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ kí n ṣe apá yìí, ni pé ọkọ̀ náà máa ń ní ẹjọ́ lọ́rùn kó tó wálé.

Ní September 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan nípa ààbò ọkọ̀. Ọdún tó ṣáájú ni Ralph Nader, agbẹjọ́rò kan, ti gbé ìwé jáde tó fi tú àṣírí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀. Orí òfin yẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní ríkọ́ọ̀lù dúró lé. Bí àbùkù tó lè ṣe èèyàn léṣe bá wà lára ọkọ̀, àwọn tó ṣe é gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ẹni tó ni ín, kí wọ́n pe ọkọ̀ náà padà, kí wọ́n sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbàgbé pé ìwé ni wọ́n ń kọ o. Àdírẹ́sì ẹni tó ni ọkọ̀ ní Houston tàbí Atlanta ni ìwé náà ń lọ. Tí ìwé bá fi máa débẹ̀, ọkọ̀ ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìwé ò mọ Ìyìn.

Ríkọ́ọ̀lù tó tóbi jù nínú ìtàn ọkọ̀ ni ti Takata, ilé iṣẹ́ kan ní Japan tó ń ṣe bẹ́líìtì ìjókòó àti àpò afẹ́fẹ́, èyí tá a ń pè ní èábáàgì. Inú ṣitíárìn àti dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń ká èábáàgì sí. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, èròjà kan nínú agolo irin kékeré á gbiná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì fẹ àpò náà kí ojú tó ṣẹ́. Èròjà tí Takata yàn ni ammonium nitrate. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ ọ́n mọ́ ajílẹ̀. Àwọn tó ń fọ́ àpáta náà mọ̀ ọ́n, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń dá òkúta lù. Ó rọ̀ lówó. Àmọ́ ọ̀tá rẹ̀ ni ooru àti ọ̀rinrin. Tí ọ̀rinrin bá ń wọ inú agolo náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí oòrùn sì ń gbóná sí i, èròjà inú rẹ̀ á máa sán. Lọ́jọ́ tó bá wá gbiná, á jó ju bó ṣe yẹ lọ, agolo irin á fọ́ yángá, ẹ̀fọ́rí irin á sì gba inú àpò jáde sí ojú àti ọrùn ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe láti gba ẹ̀mí là wá di bọ́ǹbù kékeré.

Ní November 2008, Honda pe nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọkọ̀ padà, Accord àti Civic ti 2001. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní May 2009, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan kú ní Oklahoma nínú Accord 2001. Kì í ṣe ìjàm̀bá ńlá. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni ọkọ̀ rẹ̀ ti kọ lu òmíràn. Irin inú èábáàgì ló pa á. Ọ̀rọ̀ yìí wá ràn kálẹ̀: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ 19, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 agolo ní Amẹ́ríkà nìkan. Ní April 2013, Corolla àwọn ọdún 2003 àti 2004 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà. Ní February 2017, Takata gbà ní kóòtù Amẹ́ríkà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn jìbìtì, torí wọ́n ti fi àbájáde àyẹ̀wò irọ́ han àwọn oníbàárà wọn, wọ́n sì gbà láti san bílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tó di June ọdún yẹn, wọ́n wọ gbèsè.

Ibi tó kàn wá nìyí. Àwọn Amẹ́ríkà ò pe gbogbo ọkọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ mú Florida àti àwọn ìpínlẹ̀ etí òkun Gulf, torí ibẹ̀ ló gbóná, tó sì ní ọ̀rinrin jù. Malaysia, tí ojú ọjọ́ rẹ̀ jọ tiwa, pàdánù èèyàn mélòó kan. Tí Florida bá gbóná débi tí wọ́n fi ń sáré síbẹ̀ ṣáájú, kí la fẹ́ sọ nípa Èkìtì, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti March títí di October, tí ọkọ̀ sì ń jókòó sínú oòrùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Sunday?

Ní June 2016, àjọ NHTSA, tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, sọ pé àyẹ̀wò fi hàn pé nínú àwọn Honda àti Acura kan láti 2001 sí 2003, agolo yẹn lè fọ́ nínú ìdajì àwọn ìjàm̀bá tí èábáàgì bá ti ṣí. Ìdajì! Wọ́n ní kí àwọn tó ni ín má wà á mọ́, àfi láti gbé e lọ fún àtúnṣe. Accord 2001 àti 2002 wà lára wọn. Ẹ mọ orúkọ tá a fún un: Baby Boy.

Ẹ bi mẹkáníìkì èyíkéyìí l'Ájílóṣùn pé kí ni àìsàn Baby Boy, gíà ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ ni, pàápàá àwọn oní-V6 tó jẹ́ ọ̀tọ̀mátííkì. Honda fúnra wọn fi ọdún kún gàráńtì gíà àwọn kan. Ní 2004 ẹ̀wẹ̀, wọ́n pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà, tí Accord V6 ti 2003 àti 2004 wà lára wọn, torí gíà kejì lè gbóná jù, kí eyín rẹ̀ kán, kí gíà sì há lójú ọ̀nà. Gíà máa ń pariwo kó tó kú, ìyẹn ni gbogbo wa fi mọ̀ ọ́n. Èábáàgì kì í pariwo.

Kì í ṣe pé a ò ní òfin. Decree 66 ti 1992, tó dá àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀, sọ pé tí ẹni tó ṣe ọjà tàbí tó ń pín in bá ti mọ̀ pé ewu wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kéde fún ará ìlú, kó sì kó o kúrò lọ́jà. Òfin tuntun ti 2019 sọ àjọ náà di FCCPC. Èyí á dùn mọ́ àwọn ará ilé: láti 2019 sí 2023, Ọ̀túnba Níyì Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn, gómìnà Èkìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn, ni mínísítà ilé iṣẹ́ ìjọba tí FCCPC wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni "ẹni tó ń pín in" nínú ọ̀rọ̀ Tọ́kúnbọ̀? Ṣé ẹni tó rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Texas ni, àbí dílà tó tà á lábẹ́ igi máńgòrò? Àwọn tí Honda bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀tà ní 2015, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n tà á fún. Baby Boy ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Dádì mi ní Tọ́kúnbọ̀ kan n'Ìyìn. Mi ò ní dárúkọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú yẹn."

Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ tà á ni?"

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ẹ̀yin náà lè wò ó. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. J ni Japan. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 1 fún 2001, 2 fún 2002. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ojúewé ríkọ́ọ̀lù NHTSA, ọ̀fẹ́ ni, á sì sọ àtúnṣe tí wọn ò tíì ṣe. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún o. Tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kí iná èábáàgì tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì kú. Tí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Ti Dádì ò tàn. Mẹkáníìkì wọn rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe rà á nìyẹn, pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí dílà tó gbé e síta. Íntánẹ́ẹ̀tì sì mú ríkọ́ọ̀lù kan wá tí wọn ò ṣe: èábáàgì ìjókòó iwájú, lápá ọ̀tún. Mẹkáníìkì ní òun lè tú u jáde fún wa lọ́sàn-án yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án, torí nǹkan tó ń gbiná ni.

A ti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ náà l'Ékòó lórí WhatsApp. Wọ́n ní àwọn á wò ó bóyá irin iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rè é. Àbúrò mi obìnrin, tí Dádì ń gbé lọ sí ilé ìwé l'Adó láràárọ̀, ti wá di ará ẹ̀yìn. Dádì ń ráhùn pé ó sọ àwọn di dírẹ́bà.