Àbọ̀ṣẹ́

Àbọ̀ṣẹ́ ni iṣẹ́ téèyàn ń ṣe nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ gan-an dé: àgbẹ̀ tó toko bọ̀, tó wá jókòó ti apẹ̀rẹ̀ híhun. “Bọ̀” inú rẹ̀ kì í ṣe àbọ̀ tí í ṣe ìdajì, ti ẹni tó ń padà bọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi bá ẹni tí ọmọ títọ́ tàbí àìsàn mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fọ́dún díẹ̀ mu: àbọ̀ṣẹ́ lè jẹ́ ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo télọ̀ alárìnká tí wọ́n ń pè ní Obioma ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà léjìká rẹ̀, ó ń fi sísọ́ọ̀sì lù ú, ko-ko-ko. Kò gba ṣọ́ọ̀bù. Sòkòtò tó gé lẹ́sẹ̀ lónìí ni ẹ̀rí rẹ̀ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé owó tó ti pẹ́ nílé ṣe lè máa bá ọlọ́jà Tẹ́júoṣó ṣírò owó, kó lè ní iṣẹ́ gidi tí yóò fi han agbanisíṣẹ́. Àwọn kan á ní àbọ̀ṣẹ́ kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Lóòótọ́, kò sí ọ̀gá tó máa dá tirẹ̀ sí i, àmọ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣí ètò ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Oníbàárà tí kì í sanwó ló le jù lójú tèmi, torí náà, kí ẹni tó ń ṣe àbọ̀ṣẹ́ gba àsansílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́.