Der, Die, Das: Bí Èdè Jámánì àti Èdè Yorùbá Ṣe Pàdé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan èdè Jámánì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Èdè méjèèjì ti pàdé ara wọn láti ìgbà pípẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ lọ.

Ní Àgọ́ Aláyé níbí, ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń fi fóònù rẹ̀ kọ́ èdè Jámánì. Nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ní láti gbọ́ èdè wọn dé ìpele tí wọ́n ń pè ní B2 ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ dí i lọ́nà ni ọ̀rọ̀ kékeré tí ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Akọ ni síbí, der Löffel. Abo ni fọ́ọ̀kì, die Gabel. Ọ̀bẹ kì í ṣe akọ, kì í sì í ṣe abo, das Messer. Ọmọbìnrin pàápàá, das Mädchen, kì í ṣe abo! Ó bi mí léèrè pé, “Bàbá, ṣé èdè tiwa ni kò pé ni, tí a kò fi ní irú èyí?”

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ọ̀mọ̀wé Jámánì kan ti dáhùn irú rẹ̀ ní 1863, ìdáhùn rẹ̀ kò sì gbè wá rárá.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn tí ó ṣáájú. Ní oṣù kìn-ín-ní 1845, Charles Andrew Gollmer dé Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther. Ẹgbẹ́ CMS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán Gollmer wá, ṣùgbọ́n ọmọ Württemberg ní gúúsù Jámánì ni. Württemberg náà ni David Hinderer ti wá, ẹni tí òun àti aya rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853. Láti kékeré ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti mọ̀ pé abo ni oòrùn, die Sonne, pé akọ sì ni òṣùpá, der Mond. Wọ́n wá dé ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “ó”, ti tó fún ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ti ọjọ́ orí àti ipò ni: “ó” fún ọmọdé, “wọ́n” fún àgbà. Lóòótọ́ a máa ń sọ pé akọ ìbẹ́pẹ, a sì ní ìyá ìlù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú gbólóhùn tí ó ń yí padà nítorí wọn.

Ẹni tí mo ń sọ ni Karl Richard Lepsius, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin, tí ó lókìkí nípa ìmọ̀ Íjíbítì àtijọ́. Henry Venn, akọ̀wé àgbà CMS, fẹ́ kí ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà wà fún àwọn èdè tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ń kọ. Wọ́n pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà ní London ní 1854, álífábẹ́ẹ̀tì Lepsius sì jáde ní 1855. Fífi àmì sí abẹ́ lẹ́tà jẹ́ ara ọgbọ́n rẹ̀, CMS sì tẹ́wọ́ gbà á. Àríyànjiyàn lórí ọ̀nà tí a ó gbà kọ Yorùbá kò tán títí di ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè kọ ìtàn ẹ, ọ àti ṣ wa tí kò ní dárúkọ ọkùnrin yìí.

Nígbà tí Lepsius tún ìwé náà tẹ̀ ní 1863, ó pín èdè ayé sí ọ̀nà méjì: èdè tí ó ní jẹ́ńdà, ìyẹn ìpín akọ àti abo, àti èdè tí kò ní in. Ó ní àwọn tí èdè wọn ní jẹ́ńdà ni ó ti ń gbé ọ̀làjú aráyé rù láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àti pé ọwọ́ wọn ni ìrètí ayé wà. Èdè Haúsá ní akọ àti abo, ó sì bọ́ sínú agbo. Yorùbá wà lẹ́yìn odi. Ọwọ́ kan náà tí ó ràn wá lọ́wọ́ láti kọ èdè wa ni ó kọ pé èdè irú tiwa kò tó. Kì í ṣe òun nìkan. Wilhelm Bleek, tí ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Bonn ní 1851 lórí jẹ́ńdà nínú àwọn èdè Áfíríkà, rò bákan náà.

Ẹ̀rí kò gbe èrò náà lẹ́sẹ̀. Èdè Hungary, Finland àti Turkey kò ní jẹ́ńdà, àwọn tí ń sọ wọ́n sì ní ìjọba, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé. China àti Japan ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ń kọ èdè Jámánì sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ìpín mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ti Jámánì, ṣùgbọ́n ó ti dà wọ́n nù kúrò lára ọ̀rọ̀-orúkọ kí 1400 tó dé, kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti jẹgàba. Fulfulde tí a ń sọ ní òkè ọya ní ìpín ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó lé ní ogún. Nítorí pé kò bá akọ àti abo lọ, Lepsius kò kà á sí. Ní 1963, Joseph Greenberg fi ìwé rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà tú gbogbo ìpínyà ọ̀hún palẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n fún nǹkan náà ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Láti ayé àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti ń pè é ní akọ àti abo. Aristotle sọ pé Protagoras ni ó pín ọ̀rọ̀-orúkọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbátan ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ìṣẹ̀dá ohun tí à ń dárúkọ. Das Mädchen kò jẹ́ abo nítorí pé -chen, tí ń sọ nǹkan di kékeré, ń sọ ọ̀rọ̀ yòówù tí ó bá so mọ́ di das. Die Magd ni ọ̀rọ̀ náà kí ìrù yìí tó so mọ́ ọn.

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni pé kí ó kọ́ der, die, das bí àjèjì ṣe gbọ́dọ̀ kọ́ àmì ohùn tiwa. Ẹni tí ó bá mọ “ọkọ” láìmọ ohùn rẹ̀ kò tíì mọ nǹkan kan, nítorí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ń dúró dè é níwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni der See jẹ́ adágún, tí die See jẹ́ òkun. Der Leiter jẹ́ olórí, die Leiter jẹ́ àkàbà. Kí ó má kọ Tisch sílẹ̀ láé. Der Tisch ni kí ó kọ. Ìrù ọ̀rọ̀ yóò ràn án lọ́wọ́ díẹ̀: -ung, -heit, -keit àti -schaft fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ die nígbà gbogbo. Nínú ọ̀rọ̀ alápapọ̀, èyí tí ó kẹ́yìn ni olórí. Das Krankenhaus ni wọ́n ń pe ilé ìwòsàn, nítorí das Haus ni ilé. Tiwa a máa fi ilé síwájú.

Nígbà tí ó bá wá dé orí sie, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni fún “ẹ” àti fún “wọ́n”: Sie kamen, ẹ wá, sie kamen, wọ́n wá. Èyí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí ọmọ agbègbè wa. Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ wà lára wọn, “àn án wá” lè jẹ́ “ẹ wá”, ó sì lè jẹ́ “wọ́n wá”. Jámánì ń fi lẹ́tà ńlá yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí ìwé. Ní ẹnu, ọ̀rọ̀ tí ó yí wọn ká ni ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n.