Bí Ìgbéyàwó Bá Tú Láìsí Ọmọ: Ta Ló Ni Ilé, Ta Ló Ni Gbèsè?

Ní Òkìtìpupa àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ púpurú. Obìnrin ló sábà máa ń bẹ ẹ̀gẹ́, tí yóò rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, tí yóò mọ ọ́n ní róbótó, tí yóò sì gbé e sókè iná títí tí yóò fi gbẹ. Èrè iṣẹ́ yìí lè di síméǹtì nínú ilé ọkọ. Bí tọkọtaya náà bá wá kọ ara wọn sílẹ̀ láìbímọ, ta ló ni síméǹtì yẹn?

Láyé àtijọ́, ohun tí oníkálukú bá fọwọ́ ara rẹ̀ wá ni tirẹ̀. Owó òwò ìyàwó kì í ṣe ti ọkọ. Ṣùgbọ́n ilé tó wà lórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ, ìyàwó kò ní ìpín níbẹ̀. Ọmọ ló ń jogún bàbá, ìyá a sì fara ti ọmọ. Ẹni tí kò bímọ kò ní ohun tí yóò fara tì.

Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn obìnrin ń lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ láti kọ ọkọ. Ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ jù níbẹ̀ ni iye owó orí tí ọkọ yóò gbà padà. Lọ́pọ̀ ibi, bí ìyàwó bá ti bímọ, iye yìí a dín kù. Ẹni tí kò bímọ ló sábà máa ń dá gbogbo rẹ̀ padà, bí kò bá jẹ́ ọkọ tuntun ló bá a san án. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin lórí ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ìbílẹ̀ lọ́dún 1958, owó orí àti ìtọ́jú ọmọ náà ló jẹ ẹ́ lógún. Gbèsè obìnrin ni wọ́n ń kà. Kò sẹ́ni tó ń ka ọdún tó fi ṣiṣẹ́.

Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti ọdún 1970, ní abala 72, fún ilé ẹjọ́ gíga lágbára láti pín dúkìá tọkọtaya bó bá ṣe tọ́, ìbáà sí ọmọ tàbí kó má sí. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba nìkan ló kàn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ nílànà ìbílẹ̀ nìkan kò sí lábẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúlé kan náà ni òun àti ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ń gbé. Lọ́dún 1992, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé ìyàwó tó bá ní òun dá sí ilé kíkọ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó dá àti bó ṣe pọ̀ tó. Èwo nínú àwọn ìyá wa ló ń gba rísíìtì lọ́wọ́ ọkọ?

Ní ti gbèsè, ẹni tó fọwọ́ síwèé ni olówó máa ń mú. Ìyàwó tó yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi kanlé lè kúrò nílé náà, kó ṣì máa san owó rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìfẹ́ ṣì ń dùn, ẹ kọ orúkọ ẹni méjèèjì sínú ìwé ilẹ̀, ẹ sì kọ ẹni tó mú owó wá àti ẹni tí yóò san gbèsè. Kì í ṣe àìfọkàntánni. Níbi tí kò ti sí ọmọ tí yóò jẹ́rìí ìyá rẹ̀, ìwé ni kó jẹ́rìí.