Ìda, Ọ̀dà àti Ọ̀pẹ Ilẹ̀ Brazil: Ìtàn Ohun Tí À Ń Fi Pa Ọkọ̀ Lára

 

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi ìfọkọ̀, ohun tí gbogbo wa ń pè ní lavage, bi wá léèrè pé nínú gbogbo agolo tó wà lórí àtẹ ní Kútọnu, èwo ni kí òun kọ́kọ́ rà. Wọ́n kọ cire sára ọ̀kan, wọ́n kọ polish sára èkejì, ẹ̀kẹta ní méjèèjì, ẹ̀kẹrin ya àwòrán ọ̀pẹ, owó wọn kò sì jọra rárá. A lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n àwa náà fi owó ara wa kọ́gbọ́n nídìí ọ̀rọ̀ yìí, a sì rí i pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn ọ̀dà ọkọ̀ kò lè mọ ìdí tí agolo kan fi lè ba ohun tí òmíràn ń tọ́jú jẹ́.

Lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà kan gbé ọkọ̀ dúdú kan wá, ọkọ̀ àlòkù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté jáde. Ìlà wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó sùn lórí ẹní. Bàbá awakọ̀ kan tó jókòó lábẹ́ igi níbẹ̀ ní kí a máa fi pọ́líìṣì líle họ ọ́ títí aṣọ ọwọ́ wa yóò fi mú àwọ̀ ọkọ̀ náà, pé ìgbà yẹn ni yóò tó dán. A họ ọ́, aṣọ kò dúdú. A tún họ ọ́, a tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ sí i. Nígbà tí aṣọ wá dúdú nígbẹ̀yìn, inú wa dùn. Kò pẹ́ tí a fi rí ojú kan lórí kapó náà tó ti ṣú bí eérú, tí ohunkóhun kò sì lè mú dán mọ́. Àwa la san owó akunkọ̀.

Bàbá náà kò purọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ kọ́ ló wà níwájú wa, ìyẹn ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sára kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń kùn sí i: òróró èso ọ̀gbọ̀ tí wọ́n pò mọ́ oje igi, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ní ìpele ìpele. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọkọ̀ kan tó gbẹ tán. Bí ó bá sì gbẹ, oòrùn a máa sọ ọ́ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a sì là. Ford ní tirẹ̀ ta Model T ní àwọ̀ dúdú nìkan láti 1914 títí di 1925, inú ọ̀dà dúdú náà sì ni wọ́n ti rí irú nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọ̀dà títì àti ọ̀dà ilé. Lára ọkọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ wa bá a mu gan-an.

Ní 1923 ni iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀dà tuntun kan jáde tí wọ́n pè ní Duco. Láti ara òwú tí wọ́n fi ásíìdì pò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá. Kíá ló ń gbẹ, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ́n ọn, ó sì gba oríṣiríṣi àwọ̀. General Motors kùn ún sára ọkọ̀ Oakland, aláwọ̀ búlúù, àwọn oníbàárà sì wọ́ tẹ̀ lé e. Àléébù kan ló ní: bí oòrùn bá pa á pẹ́, òkè rẹ̀ a kú, a di funfun bí ẹfun. Bí o bá fi ìka kàn án, ìka rẹ a mú nǹkan bọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni agolo méjì ti pínyà. Pọ́líìṣì ní ohun tó ń họ nínú, bí iyanrìn tí wọ́n lọ̀ kúnná ju èlùbọ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti họ ipele òkú yẹn kúrò kí ti abẹ́ tó ṣì láàyè lè yọjú. Ìda, ìyẹn cire, kò ní iyanrìn. Ó kàn ń bo ohun tó yọjú náà kí oòrùn àti òjò má tètè pa á. Ọ̀kan ń mú kúrò, ọ̀kan ń fi kún un. Àwọn tó ń tà á ló wá ń pò wọ́n mọ́ra nínú agolo kan kí iṣẹ́ lè yá, tí olùbẹ̀rẹ̀ fi ń rò pé orúkọ méjì fún nǹkan kan náà ni.

Owó ńlá sì wà nídìí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ Simoniz gbajúmọ̀ débi tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe: wọn a ní àwọn fẹ́ lọ «simonize» ọkọ̀. Ní àwọn ọdún 1940, Ben Hirsch ti ìlú Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í po tirẹ̀. Wọ́n ní ńṣe ló máa ń lọ síbi tí wọ́n páàkì ọkọ̀ sí, yóò pa ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni títí yóò fi dán, yóò sì jókòó de ẹni tó ni ín. Bí onítọ̀hún bá dé tó rí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń dán, tí èkejì ṣú, kí ló tún kù bí kò ṣe kó ra ìgò kan? Iléeṣẹ́ Hirsch ló wá di Turtle Wax. (Ẹ̀yin ọmọ lavage, ẹ má dán irú rẹ̀ wò ní Dantokpa o. Wọn yóò na ẹni.)

Àwọn bàbá wa kò mọ Hirsch, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Ta ni kò rántí Pijó 404, àti 504 elérò méje tó ń ná Kútọnu sí Ṣábẹ? Púpọ̀ nínú wọn, ọ̀dà tó ní àwọ̀ nínú ni ó wà lókè, kò sí ohun mìíràn tó bò ó. Bí ó bá ṣú, awakọ̀ a họ ọ́ títí aṣọ yóò fi pupa tàbí tí yóò fi di búlúù, ọkọ̀ a sì padà di ọmọge. Ìmọ̀ tí bàbá abẹ́ igi yẹn fún wa nìyẹn. Ó ti ṣiṣẹ́ fún wọn fún ogún ọdún.

Ohun tó yí padà ni pé, láti àwọn ọdún 1970 títí wọ 1980 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn oníléeṣẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀dà sí méjì. Ọ̀kan ní àwọ̀, ó fẹ́lẹ́, kò sì dán fúnra rẹ̀. Èkejì wà lórí rẹ̀, ó mọ́ gaara bí omi inú àmù. Òun ni àwọn akunkọ̀ wa ń pè ní vernis. Vernis yìí ló ń dán, òun náà ló ń gba ìyà oòrùn. Nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì ìwé kan lọ. Nítorí pé kò ní àwọ̀, bí o bá ń họ ọ́, aṣọ rẹ kò ní fi ohun kan hàn ọ́. Ọjọ́ tí aṣọ bá mú àwọ̀ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, vernis ti tán níbẹ̀. Àmì ayọ̀ ti àwọn bàbá wa ti di àmì òfò fún àwa.

Nítorí náà, kí olùbẹ̀rẹ̀ tó ra ohunkóhun, kó wá aṣọ funfun kan àti pọ́líìṣì tó rọ̀ jù lọ. Kó fi díẹ̀ pa ibi tó fara sin, bíi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí àwọ̀ bá yọ, irú ọkọ̀ ìgbà Pijó ni, tàbí ẹnìkan ti tún un kùn láìfi vernis sí i, tàbí kẹ̀, vernis rẹ̀ ti tán níbẹ̀. Bí àwọ̀ kò bá yọ, vernis ló wà níbẹ̀, kó sì mọ̀ pé ohun tó bá họ kúrò kì í padà. A kì í fi pọ́líìṣì líle bẹ̀rẹ̀ láéláé. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì dán kò tilẹ̀ nílò pọ́líìṣì: fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kí o fi ìda bò ó.

Ìda náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wa ni, kì í ṣe àlejò. Ìda oyin ni àwọn aṣúdẹ Ifẹ̀ fi ya orí ọba kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó, kí wọ́n yọ́ ọ dànù, kí idẹ sì gba ipò rẹ̀. Ó wúlò fún wọn nítorí pé ó ń tètè yọ́, ní nǹkan bí 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ohun tó jẹ́ iyì lọ́wọ́ aṣúdẹ ló jẹ́ ìṣòro lórí ọkọ̀, nítorí kapó dúdú nínú oòrùn ọ̀sán lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òrí tilẹ̀ kéré jù, inú àtẹ́lẹwọ́ ló ti ń yọ́. Ẹ má tẹ́tí sí ẹni tó bá ní kí ẹ fi òrí pa ọkọ̀. Eruku ọyẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí èèrà mọ́ ṣúgà.

Ìda tí àwọn oníléeṣẹ́ ń wá kiri, èyí tó máa ń fara da 80 tí kò ní yọ́, ara ọ̀pẹ kan ló ti ń wá, ọ̀pẹ náà sì wà ní àríwá ìlà oòrùn Brazil, ní Ceará, Piauí àti Rio Grande do Norte. Carnauba ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé àgbọn-olódù tiwa ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ a máa tú ìda sí ara rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ a fi dòjé orí ọ̀pá gígùn gé ewé náà, igi ewé sì ní ẹ̀gún. Wọn a sá a sínú oòrùn, wọn a lù ú, ìyẹ̀fun a já bọ́ sílẹ̀. Wọn a yọ́ ìyẹ̀fun náà, wọn a sẹ́ ẹ, a sì di òkúta. Èyí tó ti ara ewé ọ̀dọ́ wá ló máa ń ní àwọ̀ ìyeyè, òun ló sì wọ́n jù. Inú pọ́líìṣì bàtà ni ìda yìí ti pọ̀, ó sì wà lára ṣúìtì àti oògùn oníhóró tí à ń gbé mì. Ní 1935, H. F. Johnson, olórí iléeṣẹ́ Johnson's Wax, wọ bàálù láti Wisconsin lọ sí Ceará láti lọ wo igi náà fúnra rẹ̀, bóyá yóò tó iléeṣẹ́ òun lò.

Àwa ará Àjàṣẹ́ kò lè gbọ́ orúkọ Brazil kí á má rántí àwọn Àgùdà. Òótọ́ ni pé Bahia ni púpọ̀ nínú wọn ti padà wá, kì í ṣe Ceará. Ṣùgbọ́n Ceará ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1881, àwọn atukọ̀ etíkun ibẹ̀ kọ̀ láti gbé ẹrú dé inú ọkọ̀ òkun mọ́, Francisco José do Nascimento sì wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ní 1884 ni Ceará fòpin sí oko ẹrú, ọdún mẹ́rin ṣáájú gbogbo Brazil. Ohun tó ń ká wa lára ni pé, ní ayé tiwa yìí, àwọn alábẹ̀wò ìjọba Brazil ti rí àwọn òṣìṣẹ́ nínú oko carnauba tí wọ́n ń sùn lábẹ́ igi, tí wọn kò ní omi mímọ́ tàbí ilé ìgbẹ́, ní ipò tí òfin Brazil ka sí oko ẹrú. Ìpínlẹ̀ kan náà wà lára ibi tí wọ́n ti rí wọn.

Ẹni tó ń ra agolo ọlọ́pẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí pẹ̀lú. A kò sọ pé kí ẹ má rà á. Àwọn tó ń gé ewé náà nílò ọjà, ìyà ni wọn kò nílò. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó gọbọi nítorí àwòrán. Carnauba nìkan le bí òkúta, kò ṣeé pa. Wọ́n gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ ohun tí wọ́n yọ láti inú epo rọ̀bì àti ìda mìíràn, díẹ̀ bíńtín rẹ̀ sì tó láti ya ọ̀pẹ sára agolo. Nínú oòrùn wa, oṣù méjì ló pẹ́ tó, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ọkọ̀ náà, yóò ṣí kíákíá.

Àwọn èyí tí ilé ìwádìí ṣe, tí kò ti ara igi wá, ń pẹ́ jù ú lọ. Sílíkóònù wọ inú wọn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó mú kí pípa rọrùn, ṣùgbọ́n àwọn akunkọ̀ kórìíra rẹ̀ nítorí ọ̀dà tuntun kì í dúró lórí rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ni yóò máa dá. Bí lavage rẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akunkọ̀, wo ara agolo dáadáa kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Ti seramiki òde òní, fi sílẹ̀ ná. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ni yóò fi ọwọ́ kàn án.

Èsì wa fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà rèé: ìda kan tí kò ní pọ́líìṣì nínú, tí owó rẹ̀ kò ga, pọ́líìṣì tó rọ̀ jù lọ, ìgò kékeré kan, aṣọ rírọ̀ púpọ̀, ọṣẹ ọkọ̀ gan-an. Kó pa á lábẹ́ ibòji, kó fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó sì nù ún kúrò kó tó le. Bí òjò bá rọ̀, tí omi ṣù lórí kapó bí ìlẹ̀kẹ̀, ìda ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti tó àkókò láti tún un pa.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ àti Atakpamẹ, kí ni àwọn awakọ̀ àtijọ́ ní ọ̀dọ̀ yín ń pe pọ́líìṣì? Ní Kétu, a ti gbọ́ orúkọ mẹ́ta, a kò sì fẹ́ kọ ọ̀kan sílẹ̀ kí a tó gbọ́ tẹnu yín. Ẹni tó bá sì ní fọ́tò Pijó bàbá rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí wa.