Ta Ló Ní Kí Táìlì Balùwẹ̀ Máa Gun Ara Wọn Bíi Bíríkì?

Ẹ wọ balùwẹ̀ ilé tuntun kan l'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn, kẹ́ ẹ wo ògiri tí ṣáwà wà. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí táìlì tó gùn ju bó ṣe ga lọ, tí wọ́n tò bíi bíríkì: oríkèé méjì ò to ara wọn, ìdajì ti òkè ló ń jókòó lórí ìdajì ti ìsàlẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀?

Ọwọ́ àwọn bíríkìlà ló ti wá. Bí oríkèé bíríkì bá to ara wọn láti òkè délẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ògiri máa là sí. Ṣùgbọ́n táìlì ò gbé nǹkan kan ní tirẹ̀. Ògiri ló gbé e. Àṣà lásán ló bá a wọlé.

Ibi tí àṣà náà ti gbajúmọ̀ ni New York. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1904, wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. George Heins àti Christopher Grant LaFarge, àwọn tó ya àwòrán àwọn ibùdókọ̀ náà, fi táìlì funfun dídán tó jẹ́ íńṣì 3 sí íńṣì 6 bo ògiri. Abẹ́ ilẹ̀ ṣókùnkùn, funfun a sì máa tan ìmọ́lẹ̀ padà. Yàtọ̀ síyẹn, gbogbo ayé ti ń bẹ̀rù kòkòrò àrùn nígbà náà, wọ́n fẹ́ ògiri tó ṣeé nù. Ohun kan náà làwọn èèyàn ń fẹ́ nínú balùwẹ̀. Títí dòní, subway tile ni wọ́n ń pè é.

Èyí tó wà lóde báyìí lórí Instagram ni èyí tí wọ́n ń tò bí egungun ẹja. Ẹ má wulẹ̀ rò pé òkèèrè nìkan ló ti wá o! Nígbà tí Frank Willett bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, n'Ílé-Ìfẹ̀, ní 1957, ó bá ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ní ohun tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn. Etí ni wọ́n gbé àpáàdì náà dúró lé, wọn ò tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Èyí tó bá sùn sílẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn á fọ́ ọ. Èyí tó dúró, tí wọ́n kì mọ́ra, á pẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, ló ní kí wọ́n ṣe é torí ẹrẹ̀. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ògiri, àmọ́ àwọn yẹn mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ojú àpáàdì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Àwa ńkọ́? Táìlì gígùn máa ń tẹ̀ díẹ̀ nínú iná tí wọ́n fi sun ún, àárín rẹ̀ á wú ju etí lọ. Tí ẹ bá fi ìdajì gun ìdajì, ibi tó wú jù lára ọ̀kan á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó rẹlẹ̀ jù lára èkejì, etí á máa yọ, iná òkè á sì tú àṣírí ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọṣẹ́ kì í fi jẹ́ kí èyí tó gùn ju íńṣì 15 lọ gun ara wọn ju ìdámẹ́ta lọ.

Nítorí náà, kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì, ẹ ní kí wọ́n to ìlà kan sílẹ̀ lásán ná. Kí wọ́n fa ìlà sí àárín ògiri, kí wọ́n máa lọ sọ́tùn-ún sósì, kí èyí tí wọ́n máa gé ní kọ̀rọ̀ méjèèjì lè dọ́gba, kó má di tín-ín-rín bíi rúlà. Kẹ́ ẹ tún wo ibi tí ẹnu ẹ̀rọ omi máa bọ́ sí.