Aláró Abẹ́òkúta

Ìwọ òǹkàwé, nígbà tí o bá rí aṣọ àdìrẹ lọ́jà, má ṣe rò pé aró nìkan ni ó wà lára rẹ̀. Gbèsè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àìsùn.

Láàárín 1920 sí 1930, òwò àdìrẹ gbilẹ̀ ní Abẹ́òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń wá láti Sẹ̀nẹ̀gà àti láti ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí. Ǹjẹ́ o mọ bí obìnrin tí ó ń dá ṣiṣẹ́ yìí ṣe ń rí owó bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń gba aṣọ funfun ní àwìn, aṣọ tí àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó kó wọlé. Láti ọjọ́ tí ó bá ti gbé aṣọ náà délé ni ọjọ́ gbèsè ti ń sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ aró kì í kánjú. Ó gbọ́dọ̀ sẹ́ omi eérú, kí ó rẹ èlú sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Bí aró bá bàjẹ́, òfò dé. Bí kò bá bàjẹ́, yóò ti aṣọ bọ̀ ọ́, yóò sá a, yóò tún tì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dúdú bí ó ti fẹ́. Òun náà ni yóò gbé e lọ sọ́jà. Bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, ta ni yóò bójú tó ìkòkò?

Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, oníbàárà dínkù. Ọ̀pọ̀ aláró yíjú sí sódà àti aró òyìnbó, tí ó ń gé ọjọ́ iṣẹ́ kúrú. Lójú tèmi, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ni ó sún wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n sódà tí ó bá pọ̀ jù a máa jẹ aṣọ, oníbàárà kì í sì í bèèrè ọwọ́ ẹni tí aṣọ ti jáde. Gbogbo àdìrẹ Abẹ́òkúta ni yóò máa sá fún. Nítorí náà ni Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ka sódà àti aró òyìnbó léèwọ̀. Àwọn aláró kò gbà. Àwọn tí olúkúlùkù wọn ti ń dá jà kó ara wọn jọ, wọ́n gba agbẹjọ́rò, ìwádìí sì wáyé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1936.

Ní Ìtòkú, níbi tí a ti ń ta àdìrẹ títí di òní, sódà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláró fi ń pa aṣọ wọn láró.